Ẹ Wọ̀n Ọ́n Kí Ẹ Tó Bẹ̀rẹ̀: Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Ètò Ìdènà Àrùn Ọlọ́jọ́ Pípẹ́ Láàárín Ìlú

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera, àti ẹ̀yin tí ẹ yọ̀ǹda ara yín fún iṣẹ́ yìí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ òní dá lé: nígbà tí ètò wa bá parí, báwo la ó ṣe mọ̀ pé ara àwọn ènìyàn le ju bí ì bá ti rí lọ, ká ní a ò ṣe ètò náà rárá?

Ẹ fojú inú wo ọjọ́ kan tí a gbé tábìlì síta, tí a pe ìlú jọ, tí a wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ fún 300 ènìyàn, tí a pín ìwé ìléwọ́, tí a sì ya fọ́tò. Ìròyìn tí a ó kọ yóò sọ pé 300 ènìyàn ló jàǹfààní. Àmọ́ ohun tí 300 yẹn ń sọ fún wa kò ju pé 300 ènìyàn jókòó sórí àga wa lọ. Mélòó nínú wọn ni kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀jẹ̀ òun ń ru? Mélòó ló dé ilé ìwòsàn lẹ́yìn ọjọ́ náà? Nígbà tó pé ọdún kan, ti mélòó ló ti wálẹ̀ kúrò lókè 140/90, ìwọ̀n tí a fi ń mọ ẹ̀jẹ̀ ríru? Bí a kò bá ti múra ìdáhùn ìbéèrè wọ̀nyí sílẹ̀ kí a tó gbé tábìlì síta, kò sí ọgbọ́n tí a lè ta lẹ́yìn ìgbà náà tí yóò fún wa ní ìdáhùn. Ẹni tó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Àwọn àrùn tí à ń wí ni àrùn ọkàn, rọpárọsẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà, jẹjẹrẹ, àti àrùn ẹ̀dọ̀fóró tí kì í lọ bọ̀rọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní 2019, irú àwọn àrùn yìí pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 41 ènìyàn, ìyẹn ìdá 74 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ikú tó ṣẹlẹ̀ lágbàáyé. Síbẹ̀, ètò ọdún mẹ́ta ní ìlú kékeré kan kò lè rí ikú tó pọ̀ tó láti fi mọ̀ bóyá ètò náà ṣiṣẹ́, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọdún ni àrùn wọ̀nyí fi ń kóra jọ nínú ara. Nǹkan tó wà lójú ọ̀nà àrùn náà la máa ń wọ̀n dípò: ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, sìgá mímu, ìwọ̀n ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ìwọ̀n ara. Ohun tí a bá yàn gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ìwádìí ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé bí ó bá yí padà, àrùn yóò dín kù. Ìmọ̀ kò sí lára wọn. Ẹni tó gba máàkì tó ga nínú ìdánwò nípa ewu sìgá lè jáde síta kó tanná ran òmíràn.

Ibi tí omi ti ń jò ni kí a kọ́kọ́ wá. Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn iye tí a fẹ́ lò yìí, a dá wọn kí ìṣirò lè rọrùn ni. Kí a sọ pé ìlú kan ní àgbàlagbà 10,000, tí 3,000 nínú wọn ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Àwọn 1,500 ló mọ̀ pé àwọn ní i. Àwọn 1,200 ló ń lo oògùn. Àwọn 400 péré ni ìfúnpá wọn ti wálẹ̀ dé ibi tó yẹ. Ènìyàn 13 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn ni pé kí a wá àwọn tí kò tíì mọ̀ kàn. Ó dára. Bí a bá rí 600 tuntun, tí wọ́n sì gba ọ̀nà tí àwọn ti tẹ́lẹ̀ gbà, 480 yóò bẹ̀rẹ̀ oògùn, 160 ni ìfúnpá wọn yóò wálẹ̀. Lápapọ̀, 560 nínú 3,000, ìyẹn bíi 19 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn 800 tó ti ń lo oògùn tí kò rí ìtura. Bí a bá lè bá ìdajì wọn yanjú ọ̀rọ̀ náà, àwọn tó rí ìtura yóò di 800, ìyẹn 27 nínú ọgọ́rùn-ún, láìtíì wá ẹnì kan ṣoṣo kàn síta.

Kí ló fà á tí àwọn 800 yẹn kò fi rí ìtura? Àwa tó ń gbé ètò kalẹ̀ kì í béèrè ìbéèrè yìí tó. Ó lè jẹ́ pé oògùn máa ń tán ní ilé ìlera. Ó lè jẹ́ pé dókítà kò gbé ìwọ̀n oògùn sókè láti ìgbà tó ti kọ́kọ́ kọ ọ́. Ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ ọjọ́ kan gbáko ni ènìyàn ń pàdánù kó tó rí oògùn gbà. Ó lè jẹ́ pé ara le, aláìsàn sì rò pé ó ti san. Ìdí kọ̀ọ̀kan ló ní ètò tirẹ̀. Ìpàdé ìlanilọ́yẹ̀ kò lè dá oògùn tó tán padà sórí pẹpẹ, bẹ́ẹ̀ ni oògùn tó kún pẹpẹ kò ní kí ẹni tó gbà pé òun ti san máa lò ó. Torí náà, kí ẹ tó pinnu ohun tí ẹ ó ṣe, ẹ bá ogún tàbí ọgbọ̀n nínú irú àwọn ènìyàn yìí jókòó lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì gbọ́ ọ lẹ́nu wọn.

Irú àwọn iye tí a fi ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀ lókè yẹn, wọn kì í rí wọn ní ibi ìpàdé. Àwọn tó máa ń jáde wá bá wa ni àwọn tó ráyè àti àwọn tí ọ̀rọ̀ ìlera ti ń jẹ lọ́kàn tẹ́lẹ̀. Àwọn ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ dalẹ́ kò sí níbẹ̀, aláìlera tí kò lè rìn kò sí níbẹ̀. Ẹ ka gbogbo ilé, ẹ ṣẹ́ gègé lórí wọn, kí ẹ tún ṣẹ́ gègé mú àgbàlagbà kan nínú ilé tí gègé bá mú. Bí ẹ kò bá bá a nílé, ẹ padà lọ, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹta, kí ọ̀kan nínú rẹ̀ jẹ́ ìrọ̀lẹ́, kí òmíràn jẹ́ òpin ọ̀sẹ̀. Ẹ má fi aládùúgbò rẹ̀ tó wà nílé rọ́pò rẹ̀. Ẹni tí kì í sí nílé yàtọ̀ sí ẹni tó máa ń wà nílé, pàápàá nínú ọ̀rọ̀ ìlera.

Lẹ́yìn èyí ni kí a kọ ìlà èrò wa sílẹ̀, láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ fẹ́ dé: «Láàárín oṣù 18, nínú àwọn tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní ìlú yìí, àwọn tí ìfúnpá wọn kò tó 140/90 yóò kúrò ní ìdá 33 bọ́ sí ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún.» Gbólóhùn yẹn sọ ta ni, kí ni, mélòó àti ìgbà wo. Kí ẹ wá béèrè pé kí èyí tó lè ṣẹlẹ̀, kí ni aláìsàn gbọ́dọ̀ máa ṣe? Kí aláìsàn tó lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí ni ilé ìlera gbọ́dọ̀ máa ṣe? Kí ilé ìlera tó lè ṣe é, kí la ó fún wọn? Gbogbo ìdáhùn ni kí ó ní iye tirẹ̀ àti ẹni tí yóò máa kà á. Ibi tí ẹ bá ti rí i pé ìdáhùn kan kò so mọ́ èkejì, ibẹ̀ ni ètò náà yóò ti já. Ó sàn kí ó já lórí ìwé.

Geoffrey Rose, onímọ̀ ìlera àwùjọ ará Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé ohun kan ní 1985 tó yẹ kí gbogbo wa fi sọ́kàn: ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ewu wọn kéré lè mú àrùn púpọ̀ jáde ju àwọn díẹ̀ tí ewu wọn ga lọ, kìkì nítorí pé wọ́n pọ̀. Nítorí èyí, ètò tó ń sáré tọ àwọn tó ti wà nínú ewu ńlá nìkan yóò ran àwọn yẹn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò ní yí àrùn ìlú náà padà púpọ̀. Ohun tó ń kan gbogbo ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà ni èkejì rẹ̀: iyọ̀ inú oúnjẹ tí ilé iṣẹ́ ń ṣe, owó orí sìgá, ojú ọ̀nà tó ṣeé rìn. Méjèèjì ló wúlò. Ní tiwa, bí owó bá kéré, ohun tí kò béèrè pé kí ènìyàn máa fi agbára mú ara rẹ̀ lójoojúmọ́ ni kí a kọ́kọ́ wò.

Ta ni yóò gbé ètò náà dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn? Ìwádìí kan tó jáde ní 2018 láti Los Angeles kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ronald Victor àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ 52, wọ́n rí 319 ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru. Gègé ló pín àwọn ṣọ́ọ̀bù náà sí méjì. Ní apá kan, onígbàjámọ̀ gba àwọn oníbàárà rẹ̀ níyànjú pé kí wọ́n tún ìgbé ayé wọn ṣe, kí wọ́n sì lọ rí dókítà. Ní apá kejì, apòògùn wá bá wọn nínú ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀, ó kọ oògùn fún wọn níbẹ̀ nípa àdéhùn pẹ̀lú dókítà wọn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìfúnpá tòkè, ìyẹn nọ́ḿbà àkọ́kọ́ nínú méjèèjì, lọ sílẹ̀ pẹ̀lú 27 mmHg (òṣùwọ̀n ìfúnpá ẹ̀jẹ̀) ní ṣọ́ọ̀bù tí apòògùn wà. Ní èkejì, ó lọ sílẹ̀ pẹ̀lú 9.3.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ hàn kedere: ẹni tí ènìyàn fọkàn tán ló ṣí ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n oògùn tó tẹ̀ lé e wọlé ló ṣe iṣẹ́ ńlá náà. Ẹ̀kọ́ kejì wà nínú 9.3 yẹn, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí a dúró sí díẹ̀. Ká ní ìgbaniníyànjú nìkan la ṣe, láìsí ṣọ́ọ̀bù àfiwé kankan, à bá ti kọ ọ́ sínú ìròyìn pé ètò wa mú ìfúnpá wálẹ̀ pẹ̀lú 9 mmHg. A ò sì ní mọ̀ pé apá kan nínú rẹ̀ ì bá ti ṣẹlẹ̀ láìsí wa. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ kì í dúró sójú kan. Bí a bá ṣa àwọn tí tiwọn ga lónìí jọ, a ti ṣa àwọn kan tó jẹ́ pé òní nìkan ni tiwọn ga. Bí a bá tún wọn tiwọn lọ́la láìṣe ohunkóhun fún wọn, ìpíndọ́gba wọn yóò lọ sílẹ̀. Ohun tó ń tan ètò jẹ nìyí ju ohunkóhun mìíràn lọ, ìwọ̀n ara àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ kò bá lè ní agbo àfiwé, ó kéré tán ẹ wọ̀n ọ́n ní ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí ẹ tó gba ènìyàn wọlé, kí ẹ sì fi ọjọ́ kejì ṣe ìpìlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àfiwé yìí ti dun àwọn ètò tó tóbi gan-an. Ní 1971, àwọn ará North Karelia ní ilẹ̀ Finland kọ̀wé sí ìjọba wọn nítorí àrùn ọkàn tó ń pa àwọn ọkùnrin wọn nípakúpa. Ètò bẹ̀rẹ̀ ní 1972, Pekka Puska ló sì ṣáájú rẹ̀. Ohun tó dára jù níbẹ̀ lójú tiwa ni pé wọ́n wọn ìlú kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì wọn Kuopio, ẹkùn tó múlé gbè é, pẹ̀lú. Wọ́n bá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ilé ṣiṣẹ́, wọ́n bá àwọn tó ń ṣe wàrà àti bọ́tà sọ̀rọ̀, wọ́n wọ ilé ìwé. Láàárín bíi ogójì ọdún, ikú àrùn ọkàn láàárín àwọn ọkùnrin ọmọ ọdún 35 sí 64 dín kù ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ìṣẹ́gun ńlá ni. Ṣùgbọ́n Kuopio náà ń sàn, gbogbo Finland náà ń sàn, ètò náà fúnra rẹ̀ sì ti di ti gbogbo orílẹ̀-èdè lẹ́yìn ọdún márùn-ún àkọ́kọ́. Ó ṣòro títí dòní láti ya ohun tí ètò náà ṣe sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ìgbà ń ṣe.

Ní Minnesota àti àwọn ìpínlẹ̀ tó múlé gbè é ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ètò mìíràn lórí àrùn ọkàn bẹ̀rẹ̀ ní 1980 láàárín ìlú mẹ́fà, mẹ́ta fún iṣẹ́, mẹ́ta fún àfiwé. Ọdún márùn-ún sí mẹ́fà ni wọ́n fi kọ́ àwọn ènìyàn lẹ́kọ̀ọ́. Ìlera dára sí i níbi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́, ó sì dára sí i ní ìlú àfiwé náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bákan náà. Ètò COMMIT, tó fẹ́ ran àwọn tó ń mu sìgá lọ́wọ́ láti jáwọ́, lo ìlú 22, méjì méjì tó jọra, gègé ló yan èyí tí wọn yóò ti ṣiṣẹ́. Láàárín àwọn tó ń mu sìgá púpọ̀, ìdá 18.0 nínú ọgọ́rùn-ún ló jáwọ́ níbi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́, ìdá 18.7 ní ìlú àfiwé. Láàárín àwọn tí kì í mu ún púpọ̀, 30.6 ni, àfiwé sì jẹ́ 27.5. Láìsí ìlú àfiwé, ayẹyẹ ni wọn ì bá ṣe lórí iye méjèèjì.

Ìlú kan sí ìlú kan kò tó. Bí ilé iṣẹ́ kan bá ṣí tàbí tó tì ní ọ̀kan nínú méjèèjì, ohun gbogbo dàrú, bí a tiẹ̀ wọn ẹgbẹ̀rún ènìyàn nínú ìkọ̀ọ̀kan. Ẹ pín in sí àdúgbò tàbí ilé ìlera púpọ̀, kí gègé sì yàn. Bí ọkàn yín kò bá gbà kí ẹ fi àwọn kan sílẹ̀, kí gègé yan ẹni tí yóò kọ́kọ́ gbà á àti ẹni tí yóò gbà á lẹ́yìn oṣù 12. Kò sí ẹni tí a ó fi dù. Ní Ṣáínà, gègé ni wọ́n fi pín abúlé 600 sí méjì, ènìyàn 20,995, àwọn tó ti ní rọpárọsẹ̀ rí tàbí tí wọ́n ti pé 60 ọdún tí ẹ̀jẹ̀ wọn sì ń ru. Ní apá kan, iyọ̀ tí ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ potassium chloride, oríṣi iyọ̀ mìíràn, ni wọ́n fi rọ́pò iyọ̀ ilé wọn. Láàárín bí ọdún márùn-ún, rọpárọsẹ̀ dín kù pẹ̀lú ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ má gbàgbé pé wọn kò fún ilé tí ẹni tó ní àrùn kíndìnrín líle wà, nítorí potassium lè ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní jàǹbá.

Ohun kan wà tó máa ń jẹ yọ nínú ìṣirò iye ènìyàn tí a ó wọ̀n. Àwọn ará àdúgbò kan náà jọ ara wọn, nítorí náà ènìyàn 50 láti àdúgbò kan kò ní ìmọ̀ tó ti 50 tó fọ́n káàkiri. Ẹ yọ ẹyọ kan kúrò nínú iye ènìyàn àdúgbò kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ìwọ̀n ìjọra wọn sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ fi ẹyọ kan lé e. Bí ó bá jẹ́ 50 ènìyàn, tí ìwọ̀n ìjọra sì jẹ́ 0.02, 49 lọ́nà 0.02 jẹ́ 0.98; fi ẹyọ kan lé e, 1.98 ni. Bí ìṣirò tó rọrùn bá ní kí ẹ wọn 400 ènìyàn, 792 lẹ nílò. Kí iye àdúgbò pọ̀ ló máa ń ràn wá lọ́wọ́ ju kí ènìyàn inú ọ̀kọ̀ọ̀kan pọ̀.

Wíwọ̀n fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ìwọ̀n tí kò dára ju àìwọ̀n lọ ní ewu, torí pé ó ń fi ìdánilójú fúnni. Kí ẹni tí a fẹ́ wọn ìfúnpá rẹ̀ má ti mu sìgá tàbí kọfí, kó má sì ti ṣe eré ìdárayá, fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kó ti tọ̀. Kó jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ̀yìn rẹ̀ fara ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀ láìkọ́ra, kí apá rẹ̀ sinmi sórí tábìlì ní ìbámu pẹ̀lú ọkàn. Kí ó má sọ̀rọ̀, kí òṣìṣẹ́ náà má bi í ní ìbéèrè. Ẹ ní aṣọ ìdìpá oríṣi méjì ó kéré tán. Èyí tó bá kéré fún apá ńlá yóò gbé ìfúnpá ga ju bó ṣe wà lọ. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ mú ìpíndọ́gba ìkejì àti ìkẹta. Ẹ tún máa yẹ nọ́ḿbà tó parí àkọsílẹ̀ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń fi nọ́ḿbà hàn fúnra rẹ̀, bíi ọ̀kan nínú mẹ́wàá ló yẹ kó fi òdo parí. Bí ẹ bá rí mẹ́rin nínú mẹ́wàá, ẹnì kan ń fojú díwọ̀n. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ míì ni kí ẹ fún un, kì í ṣe ìbáwí níwájú gbogbo ènìyàn, kí àwọn tó kù má baà bẹ̀rẹ̀ sí í fi àṣìṣe wọn pa mọ́.

Kí àkọsílẹ̀ sì wà nípa ohun tí ẹ ṣe ní tòótọ́. Ètò ìdènà ìtọ̀ ṣúgà tí ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2002 dín àrùn náà kù pẹ̀lú ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún nínú ìwádìí tí 3,234 ènìyàn kópa nínú rẹ̀, ní ìfiwéra pẹ̀lú àwọn tí wọ́n fún ní oògùn àfiwé tí kò ní agbára kankan. Ẹ̀kọ́ 16 ló wà níbẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú olùkọ́, kí ìwọ̀n ara dín kù pẹ̀lú ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún ni àfojúsùn, pẹ̀lú ìṣẹ́jú 150 eré ìdárayá lọ́sẹ̀. Ẹni tó bá gé e sí ẹ̀kọ́ mẹ́rin nítorí owó kò lè retí 58. Bí ètò bá kùnà, àkọsílẹ̀ yìí nìkan ló lè sọ bóyá èrò náà ni kò dára tàbí pé a kò tíì ṣe é rárá. Ẹ kọ iye ìpàdé tó wáyé nínú iye tí ẹ ṣèlérí, iye tó dé títí dé òpin, àti ohun tí wọ́n fò.

Àwọn tó kúrò lójú ọ̀nà ńkọ́? Kí a sọ pé 500 bẹ̀rẹ̀, 300 padà wá fún ìwọ̀n ìkẹyìn, ara 180 sì ti sàn. Ìròyìn tó ń wu ojú yóò sọ pé ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n 180 nínú 500 ni, ìdá 36. Àwọn 200 tí kò padà kì í sábà jẹ́ àwọn tí nǹkan dára fún. Ẹ gba nọ́ḿbà fóònù ìbátan méjì láti ọjọ́ àkọ́kọ́, pẹ̀lú àṣẹ ẹni náà, kí ẹ lè wá a kàn.

Àwọn olùwádìí mẹ́ta, Glasgow, Vogt àti Boles, gbé ìlànà kan jáde ní 1999, RE-AIM lorúkọ rẹ̀, tó ní kí a má wo agbára ètò náà nìkan, kí a tún wo iye ènìyàn tó dé ọ̀dọ̀ wọn, iye ibi tó gbà á, àti bí wọ́n ṣe ṣe é. Ẹ ṣe ìsọdipúpọ̀ rẹ̀ fúnra yín. Bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ilé ìlera bá gbà á, tó dé ọ̀dọ̀ ìdajì àwọn tó yẹ, tí ìdajì wọn parí rẹ̀, tó sì ṣiṣẹ́ fún ìdá 40 lára àwọn tó parí, ènìyàn mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún ló jàǹfààní. Iye kékeré yẹn ni òtítọ́, ó sì ń fi ibi tí a lè tún ṣe hàn: bí a bá mú kí gbogbo ilé ìlera gbà á, mẹ́fà di mẹ́wàá, a kò sì fọwọ́ kan ẹ̀kọ́ náà rárá.

Owó ìgbéléwọ̀n ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gé. Ẹgbẹ́ ìṣiṣẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ilẹ̀ Yúróòpù dámọ̀ràn ní 1998 pé ó kéré tán ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó ètò ni kí ó lọ sí ìgbéléwọ̀n. Ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀ kí ẹ tó pín èyí tó kù, kí ó wà ní ìlà tirẹ̀. Nínú rẹ̀ ni kí ẹ ti rí owó ọjọ́ tí ẹ ó gbé èsì padà fún ìlú, ní èdè wọn, tòun ti ohun tí kò yọrí sí rere, nítorí ara wọn ni ẹ wọ̀n. Kí ìwọ̀n kan ṣì kù, èyí tí ẹ ó ṣe lẹ́yìn ọdún kan tí owó ti tán tí àwọn òṣìṣẹ́ ti lọ, láti rí i bóyá àwọn tí ìfúnpá wọn wálẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Owó tirẹ̀ ni kí ẹ fi sí báńkì ṣáájú gbogbo owó yòókù.